Ọkọ Ìyàwó Tí Kò Lẹ́nu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Inú odò ni àlá tí mo lá lóru àná ti bẹ̀rẹ̀, èmi Àkànjí yìí sì ti di kòkòrò. Àwọn kékeré tí ń gbé abẹ́ òkúta nínú omi tó mọ́ gaara ni, tí wọ́n ní ìrù mẹ́ta, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ikùn ni wọ́n fi ń mí. Mo ń họ nǹkan tútù tó ń yọ̀ lára òkúta jẹ, ó sì dùn.

Òkúta tó wà lókè orí mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àkànjí, o ṣì ń jẹun? Òní mà ni ìgbéyàwó rẹ! Àwọn àna rẹ ti ń dúró lókè omi."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Awọ ara mi ti há mọ́ mi." Awọ náà bá ya láti ẹ̀yìn. Mo bọ́ ọ, mo gbé e dání, mo sì léfòó.

Ọ́fíìsì kan ń léfòó lójú omi, tòun ti tábìlì àti fáànù. Ọ̀gbẹ́ni Látúndé ni ọ̀gá ibẹ̀.

"O fẹ́ ìyẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Fi ẹnu rẹ sílẹ̀. Ẹni tó bá gba ìyẹ́ kì í jẹun mọ́. Ọjọ́ kan péré ló kù fún un."

Oúnjẹ kọ́ ló dùn mí. "Sà, ọkọ ìyàwó ni mí! Kí ni n ó fi kí àwọn àna mi? Bí mo bá dé ibẹ̀ tí mi ò kí wọn, wọn á ní n kò lẹ́kọ̀ọ́, wọn á sì gba ọmọ wọn padà."

Ó fẹ́ dá mi lóhùn, ó bá di òbúkọ. Ó jẹ awọ tí mo bọ́, ó sì jẹ ẹnu mi mọ́ ọn. Mi ò bínú. Òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹun.

Ìyẹ́ yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣú bí ìgò àtùpà tí èéfín bò. Mo bà sórí ewé kan, mo tún bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyẹ́ náà wá ń dán. Mo bá fò lọ bá àwọn àna mi.

Àwọn àna kún ojú ọ̀run, wọ́n ń jó lọ sókè, wọ́n ń jó bọ̀ nísàlẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú afẹ́fẹ́, mo ń retí èébú. Kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan. Mo wo bàbá ìyàwó, mo wo ìyá ìyàwó: àwọn náà kò lẹ́nu! Inú mi dùn dé góńgó. Ibo lẹ ti rí àna tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè nǹkan kan? Mo tún dọ̀bálẹ̀ fún ìdùnnú.

Ilẹ̀ pálọ̀ ló gbà mí. Mo ti já bọ́ láti orí àga tí mo sùn lé, nítorí ìyá ìyàwó mi tó dé lánàá ni a fún ní yàrá. Òun gan-an ló dúró níwájú mi, tí mo dojú bolẹ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi, dìde, ó tó. Láti àná lo ti ń kí mi."

Mo fẹ́ sọ pé oorun ló gbé mi ṣubú. Mo la ẹnu, ó wà níbẹ̀! N kò jẹ́ kó ṣòfò.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ẹ kú ìdúró, mà. Ẹ kú ìrìn àná." Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo ń kí i lọ.