Anpilifáyà Ńlá Oyèlékè

Ohun tó bí Oyèlékè nínú jù ni pé ìyàwó òun gan-an ló ń kùn orin Mùnírù. Beatrice jókòó sẹ́yìnkùlé wọn ní Ìsọlọ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì ń fi imú kọ ohun tí Mùnírù máa ń fi gìtá ta lẹ́yìn ẹsẹ orin kejì. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí ni Oyèlékè ti ń ta gìtá tó ń ṣáájú nínú ẹgbẹ́ olórin Adébánjọ. Mùnírù kò tíì lo ọdún kan níbẹ̀. Bí ọmọ náà bá ń kí èèyàn, àyà rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ bá a jà. Ṣùgbọ́n tó bá ti fọwọ́ kan okùn gìtá, àwọn tó ń mu bíà á gbé ife wọn sílẹ̀. Oyèlékè ń wò wọ́n, oúnjẹ kò sì lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ẹ má jẹ́ ká fi orúkọ mìíràn pè é, ìlara ni.

Adébánjọ wá sọ pé àwọn fẹ́ ṣe àwo orin tuntun, gìtá kan ṣoṣo ló sì máa ṣáájú nínú rẹ̀. Owó epo ti dé ìgboro nígbà náà, àwọn olówó ń ná an fún olórin bí ẹni pé kò ní tán láé. Ọ̀gá ní òun á ra anpilifáyà méjì, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè. "Ẹni tí ohùn gìtá ẹ̀ bá wọ̀ mí lára ní Fúráídè ló máa ṣáájú," ló wí.

Méjì ló wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Alájì Rájí ní Òṣòdì. Ọ̀kan ga dé àyà èèyàn, sípíkà mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀. Èkejì kò ju àpótí ìjókòó lọ. Onífáàfù ni méjèèjì, àwọn gíláàsì kéékèèké tó máa ń tàn tó sì máa ń gbóná lẹ́yìn ẹ̀rọ. Fáàfù kì í dùn bí wọ́n bá rọra lò ó. Ó dìgbà tí wọ́n bá ṣí i dáadáa kí ohùn rẹ̀ tó ki.

Oyèlékè mọ èyí. Ó kọ́kọ́ fi gìtá sí kékeré, ó ṣí i tán, ohùn náà dùn débi tí òun fúnra rẹ̀ fi dijú. Ó wá fi sí ńlá, ìgò tó wà lórí pẹpẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Inú rẹ̀ dùn. Kò wá ohùn mọ́ lọ́jọ́ náà, ohun tó máa bo Mùnírù mọ́lẹ̀ ló ń wá.

Nínú ẹgbẹ́ wọn, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú, ì báà jẹ́ ẹran, ì báà jẹ́ yàrá tí wọ́n máa sùn sí. Ohun tí àgbà bá sì ti mú, kì í dá a padà.

"Ńlá ni tèmi," Oyèlékè wí. Ó kọjú sí Mùnírù. "Àbúrò, kékeré nìyẹn. Wàá ṣí i dópin kẹ́nikẹ́ni tó gbọ́ ẹ o."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi," Mùnírù dáhùn.

Ní Fúráídè, àwọn òṣìṣẹ́ tó jáde láti ilé iṣẹ́ aṣọ Aswani kún inú hòtẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n ti ń ṣeré. Beatrice jókòó síwájú. Oyèlékè kò tíì ṣí tirẹ̀ dé ìdajì tí páánù orí ilé fi ń dún. Adébánjọ kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó fọwọ́ ṣe é fún un pé kó dín in kù. Ó dín in kù. Ọ̀gá tún fọwọ́ ṣe é. Nígbà tó fi wálẹ̀ débi tí olórin lè fara dà á, ohùn gìtá náà ti gbẹ bí gààrí tí kò rí omi.

Ó wá kan Mùnírù. Ó ti ṣí kékeré tirẹ̀ dópin, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe wí. Ohùn náà jáde, ó ki, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ha díẹ̀ bí ọ̀fun ẹni tó ti ń kọrin láti àárọ̀. Wọ́n gbé ife sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sinmi, Mùnírù sún mọ́ Oyèlékè, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀. Ẹ̀yin lẹ yẹ kẹ́ ẹ lo kékeré yìí."

Oyèlékè wo àpótí kékeré náà. Ó wù ú débi pé ọwọ́ ń yún un. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ ń wò ó, wọ́n sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ mú. Ká ní ọmọ náà bú u ni, ì bá sàn fún un.

"Tèmi tẹ́ mi lọ́rùn," ló wí.

Adébánjọ ti ń bọ̀. "Mùnírù, ìwọ lo máa ṣáájú nínú àwo yẹn. Oyèlékè, jọ̀ọ́, tún bá mi dín tìẹ kù sí i."

Orin tún bẹ̀rẹ̀. Oyèlékè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí anpilifáyà ńlá náà wálẹ̀, títí ó fi ń gbọ́ Mùnírù kedere, tó sì ń gbọ́ Beatrice níwájú, tó ń kùn tẹ̀lé e.