Ó Ti Kúrò

Kí Jíbrílù tó dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá, Àlímọ̀t ti dúró síbẹ̀. Kò kọjá ìloro. Opó ni, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tó máa fi jókòó sílé ò tíì pé.

"Bàbá Qaanitah, ẹ káàárọ̀."

"Ìyàwó. O ò sùn."

"Wọ́n ní iléeṣẹ́ ń sọ pé ọkọ mi ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ikú. Pé ẹnikẹ́ni ò ní kó bọ́ sójú irin."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin lọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ bá mi yọ orúkọ rẹ̀ nínú ìtìjú yẹn."

"Ohun tí mo mọ̀ ni màá sọ."

"Ìyẹn náà ni mo fẹ́."

Jíbrílù gba ẹ̀yìn Iga Ìdúǹgánrán, ààfin ọba Èkó, ó já sí Pópó Àgùdà, ó forí lé Máríná níbi tí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ wà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Kò kánjú.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń tún ojú irin ṣe. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń gba ọ̀nà. Ọ̀pá ni. Ọ̀pá irin kan ṣoṣo ló wà láàárín ibùdókọ̀ méjì. Ọkọ̀ tí kò bá ní i lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bá gbé e dání, ọkọ̀ kankan ò ní wá. Ọ̀pá àṣẹ ni wọ́n ń pè é. Yaqub, ọkọ Àlímọ̀t, tó jẹ́ ọmọ àgbàlá kan náà pẹ̀lú Jíbrílù, a máa gbé e há abíyá, a ní, "Ẹ dọ̀bálẹ̀! Ìdúǹgánrán ti dé ojú irin." Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni iléeṣẹ́ yí òfin padà. Wọ́n ní ọ̀pá ń dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí ẹni tó ń di àsíá pupa mú jù ú sílẹ̀, kó mú ṣọ́bìrì. Wọ́n wá pín tẹlifóònù. Ìwé òfin tuntun jẹ́ ojú ewé mọ́kànlélógójì, Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀. Wọ́n kà á fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìdajì ọjọ́ kan, wọ́n ní kí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun kan ni Jíbrílù mú níbẹ̀: ẹni tó wà ní ibùdókọ̀ á pè, á ní "láìn kìlíà", ìyẹn ni pé ọ̀nà ṣí, á ka nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹni tó wà lójú irin á tún un wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi sọ Gẹ̀ẹ́sì náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Yorùbá ti padà dé. Sámúẹ́lì ló ń pè láti ibùdókọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ogún ọdún ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ta ni yóò máa ka nọ́ńbà sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ létí?

Lọ́jọ́ tí Yaqub kú, Sámúẹ́lì pè. "Bàbá, ó ti kúrò o."

"Ó ti kúrò?"

"Ó ti kúrò."

Wọ́n tún un wí, bí òfin ṣe wí. Ohun tí Sámúẹ́lì ń sọ ni pé ọkọ̀ ti kúrò ní ibùdókọ̀ òun, ó ń bọ̀. Ohun tí Jíbrílù gbọ́ ni pé ọkọ̀ ti kúrò lójú irin, ọ̀nà ṣí. Ó yíjú sí Yaqub. "Bọ́ síbẹ̀." Yaqub gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, ó tàn án. Kò gbọ́ ohun mìíràn mọ́.

Nígbà tí Jíbrílù dé Máríná, Sámúẹ́lì wà lórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ́fíìsì. Ó dìde.

"Bàbá, ẹ ti jẹun?"

"Rárá."

"Àwọn ọ̀gá bá mi sọ̀rọ̀ lánàá. Bí a bá ní n ò pè yín rárá, pé Yaqub ló dá bọ́ síbẹ̀, iṣẹ́ wa ò ní bọ́. Mo ní ọmọ mẹ́rin nílẹ̀, Bàbá."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ó di ìgbà tí mo bá rí yín."

"O ti rí mi."

"Òkú ò ní janpata."

"Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà mi."

Sámúẹ́lì mirí. "Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó, orí yín le."

"Òun la fi ń ru irin."

Wọ́n pe Jíbrílù wọlé. Ọ̀gá tó ń jẹ́ Adéwálé ló jókòó láàárín, Jemilat akọ̀wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ta ló ní kí Yaqub bọ́ sójú irin?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Sámúẹ́lì pè mí. Ó ní ó ti kúrò."

Ọwọ́ Jemilat dúró. "Sà, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè jẹ́ méjì. Ṣé kí n kọ pé ọkọ̀ gbéra ni, àbí pé ó kọjá?"

Adéwálé ṣí ìwé òfin.

"Ṣé ó ní láìn kìlíà?"

"Rárá."

"Ṣé ó ka nọ́ńbà?"

"Rárá. Yorùbá la sọ."

"Ojú ewé kẹsàn-án, Bàbá. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá sọ bó ṣe wà níbí, bí ẹni pé wọn ò sọ ọ́ ni. Ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́. A jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò pè yín. Bí ẹnikẹ́ni ò bá pè yín, ẹ ò ní àṣẹ tí ẹ máa fún ẹlòmíràn." Kò pariwo. Ó dà bí ẹni tó ti rẹ̀. "Jemilat, kọ ọ́. Ó bọ́ sójú irin láìgbàṣẹ."

"Mo ní èmi ni mo ní kó bọ́ síbẹ̀."

"Mo gbọ́ yín, sà. A ó kọ ìyẹn náà."

"Bí ọ̀pá bá wà..."

"Kò sí ọ̀pá mọ́, Bàbá."

Ìwé méjì ni wọ́n fún un. Èkíní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gba ti Sámúẹ́lì náà. Èkejì ni ti ikú Yaqub.

Àlímọ̀t ṣì wà ní ìloro. "Ẹ kà á fún mi."

Jíbrílù lè pa á dà. Gẹ̀ẹ́sì ni, Àlímọ̀t ò gbọ́ ọ. Ó rò ó. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún un bó ṣe wà.

"Láìgbàṣẹ," ni Àlímọ̀t wí. "Ẹ ò sọ fún wọn?"

"Mo sọ. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́."

"Kí ni wọ́n wá wí?"

"Wọ́n ní Yorùbá la sọ."

"Èdè wo ni kí ẹ bá Yaqub sọ?"

Àlímọ̀t wọlé, ó fa aṣọ ìkélé.

Kò bi í ní nǹkan mọ́. Bí Jíbrílù bá ń ti ìrun Àsùbáà bọ̀, á kí i láti ìta, Àlímọ̀t á dáhùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọjọ́ opó rẹ̀ pé, Jíbrílù wọ agbádá, ó lọ kan ilẹ̀kùn. Aṣọ ìkélé ò sí níbẹ̀ mọ́. Yàrá ṣófo. Ìyá Muqtadir, àgbà ilé, ń gbálẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀.

"Àlímọ̀t ni? Ó ti kúrò."

"Ó ti kúrò?"

"Ó ti kúrò."