Gbólóhùn Kan Lójú Ìwé Kẹtàdínlógún

"Gbólóhùn kan péré ni," ọ̀gá wí, ó sì ti ìwé náà síwájú obìnrin tó ń bá wọn yẹ ìwé wò. "Fa igi lé e, kí o fọwọ́ sí i, kó máa lọ sílé ìtẹ̀wé."

Obìnrin náà tún ojú ìwé kẹtàdínlógún kà. Ìwé àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, lórí bí a ṣe ń ṣèlú. Gbólóhùn ọ̀hún kò le: "Ará ìlú ló ń gbé agbára lé olórí lọ́wọ́, wọ́n sì lè gbà á padà."

"Kí ni àṣìṣe ibẹ̀, ọ̀gá?"

"Kò sí àṣìṣe. Àwọn tó wà lókè ni kò fẹ́ ẹ."

"Ẹ jẹ́ ká tún un kọ nígbà náà. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́."

"Wọ́n ní ká yọ ọ́ ni."

Ó wo ojú ọkùnrin náà. Lógún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, orí tábìlì ló máa ń dúró sí sọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an títí ohùn rẹ̀ á fi há. Kọ́múrédì ni obìnrin náà ń pè é nígbà náà, "ìwọ" ni wọ́n sì ń bára wọn sọ. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà dépò ọ̀gá ni "ẹ̀yin" wọ àárín wọn.

"Mi ò ní lè fa igi lé e," obìnrin náà ní.

Kò sẹ́ni tó bú u níbi iṣẹ́. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí i bí ẹni ń kí àlejò ni. Níbi oúnjẹ ọ̀sán, bó bá ti jókòó báyìí, àwọn tó kù á ti yó. Akọ̀wé tí wọ́n jọ ń ṣẹ̀fẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án wá ń gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn kó má baà pàdé rẹ̀. Nílé, àga mẹ́rin ló yí tábìlì ká, ọ̀kan ṣoṣo ló ń lò. Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun, ó ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún un.

"Màámi, ẹ bá wọn fà á jàre. Ta ló ń ka ìwé ọmọdé?"

"Àwọn ọmọdé ni."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá bá a, ó sì ti ilẹ̀kùn. "Ṣé o rò pé gbólóhùn kan lè yí nǹkan padà ni?"

"Bí kò bá lè yí nǹkan padà, kí ló ń bà yín lẹ́rù níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà fa àga kan, ó jókòó. "Ọdún méjì ló kù kí n fẹ̀yìn tì."

"Mo mọ̀."

Ọkùnrin náà yọ bírò, ó sì fa igi lé gbólóhùn náà fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìyẹn ló dun obìnrin náà jù.

Obìnrin náà fa ìwé ọ̀hún sọ́dọ̀, ó ṣí i dé ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ sí. Ọdún mọ́kànlélógún ni orúkọ tirẹ̀ ti ń wà lẹ́yìn gbogbo ìwé wọn. Ó fa igi lé e.

"Kí lèyí wá jẹ́?" ọkùnrin náà bi í jẹ́jẹ́.

"Ó ti ṣe tán. Ẹ lè gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé."

Ó gbé báàgì rẹ̀. Kò gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Àárín ọ́fíìsì ló gbà kọjá, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn díẹ̀ dáhùn.