Ọ̀nà Òkè-Mẹ̀sí

"Kílọ́ọ̀ṣì, Bàbá! Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì!"

Kí Akínbọ́lá tó rántí ẹsẹ̀ tó yẹ kó lò, ọkọ̀ ti mì jìgìjìgì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú sáàárín títì. Ni àwọn ọlọ́kadà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè lẹ́yìn wọn. Ọ̀kan nínú wọn rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó yọjú wo inú ọkọ̀, ó rí orí tó funfun báláú, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ kú ìdánwò o!"

"Ẹ má dá a lóhùn," ni Ìdíátù wí. Ó nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ó tún ṣíná sí ọkọ̀ náà. Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún díẹ̀ ni, ọmọ Ọ̀yọ́, òun ló ni ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kékeré kan ní Ìgàndó, ní Èkó. Ọ̀nà tí wọ́n wà yìí, lápá Ẹgàn, nìkan ló mọ̀ nítòsí tó gun òkè díẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, Bàbá. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ ti ń gbìyànjú. Kí ló dé tó jẹ́ pé òkè ṣá lẹ ń wá?"

"Òkè ni mò ń lọ, Tíṣà."

Tíṣà ló ń pè é. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì gbà pé ẹni tó bá ń kọ́ni ní ohun tí a kò mọ̀, olùkọ́ ẹni ni, ì báà jẹ́ ẹni tí a lè bí lọ́mọ.

"Òkè wo nìyẹn?"

"Òkè-Mẹ̀sí. Ní Èkìtì. Sátidé kejì nínú oṣù kọkànlá."

Ìdíátù ka ọ̀sẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù. "Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Èmi nìkan."

"Háà! Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kúrò ní Ẹgàn ná."

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Akínbọ́lá. Hope, ìyàwó rẹ̀, ló ń wakọ̀ nínú ilé wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá Hope fi jẹun ní Òkè-Mẹ̀sí, ọmọbìnrin náà kò sì tíì pé ogún ọdún tí bàbá fi gbé sítíárìn lé e lọ́wọ́. Nígbà tí Akínbọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e níyàwó, ó gbìyànjú láti kọ́ ọkọ̀ wíwà, ọjọ́ kejì ló gbé ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú gọ́tà. Hope rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Jókòó, jàre," ló wí. "Èmi á máa gbé ẹ."

Ó sì gbé e fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn ará àdúgbò wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé ọkọ tí ìyàwó ń gbé kiri. Kò dùn ún rárá. Ó mọ ohun tó ń jẹ.

Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti dáwọ́, tí ọyẹ́ kò sì tíì dé, wọ́n á lọ sun Iléṣà lọ́jọ́ Ẹtì, lọ́dọ̀ Susanna, àbúrò Hope. Bí ilẹ̀ Sátidé bá ti ń mọ́, wọ́n á gba Ẹrinmọ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Alààyè, wọ́n á yà sí Òkè-Mẹ̀sí, wọ́n á jáde sí Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n á wá gba Ẹ̀sà-Òkè àti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà padà sí Iléṣà. Wọn kì í lọ kí ẹnikẹ́ni. Ilé bàbá Hope ti di ahoro, kò sí ẹni tó kù níbẹ̀. Ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń lọ wò.

Bí wọ́n bá ti kọjá Ẹ̀fọ̀n, òkè á wà lọ́tùn-ún, òkè á wà lósì, kùrukùru òwúrọ̀ á ṣì lọ́ mọ́ wọn lọ́rùn. Ó lè tó ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó pàdé ọkọ̀ kan. Hope á sọ gíláàsì kalẹ̀, á máa kọ orin ìsìn lábẹ́lẹ̀, Akínbọ́lá á máa bó ọsàn, á máa fi í sí i lọ́wọ́. Ní Èkó, ariwo kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ èrò ọkàn ara rẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n á gbọ́ ìró táyà ọkọ̀ tiwọn.

Lọ́dún tó kọjá ni àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbé Hope lọ. Oṣù kọkànlá dé, ó kọjá, Akínbọ́lá kò lọ ibì kankan. Ṣùgbọ́n bí òjò ọdún yìí ṣe ń dín kù, ara rẹ̀ kò gba ilé mọ́. Ní òwúrọ̀, kó tó la ojú, á ti máa gbọ́ òórùn ewé tútù tí kò sí ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó mú bébà àti gègé, ó jókòó sídìí tábìlì láti kọ ètò ìrìn àjò náà sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i pé òun kò mọ ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n ń gbé kì í mọ kọ́nà. Ó ní láti tẹ Susanna láago ní Iléṣà kó tó lè to àwọn ìlú náà bó ṣe yẹ, ibi tí wọ́n ti ń yà, ibi tí epo wà, ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti le. Ìgbà náà ló lọ bá Ìdíátù ní Ìgàndó.

Ọjọ́ Àìkú ni Fẹ́kọ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wa ọkọ̀ rẹ̀ yà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Gowon Estate lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ó ń nu tábìlì kó lè gbé oúnjẹ sí i ló bá rí bébà náà. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó tún kà á.

"Dádì, kí ni 'Ìgàndó, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin, òkè'?"

"Ẹ̀kọ́ ni."

"Ẹ̀kọ́ kí ni?"

"Ọkọ̀. Mò ń kọ́ ọkọ̀ wíwà."

Fẹ́kọ́mi fa àga, ó jókòó. "Ẹ sọ fún mi pé ìpàdé àwọn àgbà ìjọ lẹ̀ ń lọ lọ́jọ́bọ̀."

Akínbọ́lá nawọ́ gba bébà náà, ó ká a sí méjì.

"Ẹ fẹ́ wa ọkọ̀ Mọ́mì lọ sí Èkìtì? Ẹ̀yin nìkan? Dádì, ẹ̀yin náà ń gbọ́ ìròyìn. Ẹ mọ bí ọ̀nà ṣe rí báyìí. Àwọn tó ti ń wakọ̀ láti ogún ọdún gan-an ń bẹ̀rù. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ lọ kí Àǹtí Susanna ni, ẹ jẹ́ ká wá awakọ̀ kan."

"Ìyá rẹ kò gba awakọ̀ rí."

"Mọ́mì mọ ọkọ̀ wà!" Ohùn rẹ̀ ga, ó sì tètè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ṣùgbọ́n mo ti sin ìyá mi. Ọdún kan àti díẹ̀ péré ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá tẹ̀ mí láago láti ẹ̀bá ọ̀nà kan."

Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, kò dúró jẹun. Akínbọ́lá mọ̀ pé ọmọ náà kò purọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ sí Ìgàndó.

Ọjọ́ náà gan-an ni nǹkan fẹ́ bàjẹ́. Wọ́n dé àárín òkè Ẹgàn, Ìdíátù ní kó dúró, kó tún gbéra. Ó dúró. Bó ṣe fẹ́ gbéra, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn. Ó wo dígí, ó rí obìnrin kan tó pọn ọmọ tó ń sọdá lẹ́yìn wọn. Ó rí i kedere, àní ó rí àwọ̀ ọ̀já tó fi pọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, wọ́n di igi. Ìdíátù ló fa bíréèkì ọwọ́. Ọkọ̀ náà dúró gbàgà. Obìnrin náà ń bá ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó kọjá, kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Wọ́n yí ìjókòó padà. Ìdíátù wa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó pa á.

"Bàbá, èmi kì í tan akẹ́kọ̀ọ́ mi," ni Ìdíátù wí. "Títí oṣù kọkànlá, ẹ lè wà á lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Òkè Èkìtì yẹn, rárá o. Lọ́dún yìí kọ́."

"Mo ti gbọ́."

"Kí ló tilẹ̀ wà lórí òkè ọ̀hún? Ẹ sọ fún mi, ẹ jọ̀ọ́."

Akínbọ́lá kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni rí.

"Ibì kan wà, tí èèyàn bá ti fi Òkè-Mẹ̀sí sílẹ̀ díẹ̀. Àpáta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Lọ́dọọdún, ìyàwó mi á dúró níbẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀, á gun àpáta yẹn lọ, á dúró, á máa wò. Á ní, 'Ò bá bọ́ sílẹ̀ wá wò ó.' Èmi á ní mò ń bọ̀. Ìwé ìròyìn ni mò ń kà. Tó bá ti pẹ́ jù, màá nawọ́ fọn fèrè sí i, pé kó máa bọ̀, oòrùn ti ń mú." Ó nu ojú rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Tíṣà. Mi ò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò mọ ohun tó ń wò."

Kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Bàbá, èmi ni mò ń gbé àwọn ọmọ mi lọ sí Ọ̀yọ́ ní ọdún Iléyá," ni Ìdíátù wí. "Hamdalah, àkọ́bí mi, á ní, 'Mọ́mì, ẹ wo òkè yẹn!' Òkè wo? Kòtò ni mò ń wò. Tírélà ni mò ń wò. Ẹni tó ń wakọ̀ kì í rí òkè, Bàbá. Títì ló ń rí. Ìyá yẹn ò ráyè wo nǹkan kan lójú ọ̀nà títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ń gbé lẹ̀ ń rí i."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Akínbọ́lá lára bí omi tútù. Ó rántí gbogbo ohun tó ti rí láti ẹ̀gbẹ́ Hope: kùrukùru, òkè, àwọn ọmọdé tó ń juwọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó máa ń ka gbogbo rẹ̀ sí ohun tí àwọn méjèèjì jọ rí.

"Ẹ mú ọmọ yín dání, kó gbé yín lọ," ni Ìdíátù wí bó ṣe ń ṣíná sí ọkọ̀. "Sísọ̀ kalẹ̀ lẹ̀ ń wá, kì í ṣe wíwà."

Akínbọ́lá kò lọ sílé. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Gowon Estate. Fẹ́kọ́mi ń ká aṣọ lórí okùn nígbà tó dé. Ojú tó fi wo bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ le, ṣùgbọ́n bó ṣe rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ju aṣọ sínú abọ́, ó dì í lápá mú, ó mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Akínbọ́lá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sọ ti obìnrin tó pọn ọmọ, kò fi pamọ́. Ó sọ ti àpáta, ti ìwé ìròyìn, ti fèrè.

Fẹ́kọ́mi dojú kọlẹ̀. "Mo mọ̀ nípa fèrè yẹn."

"Báwo?"

"Ibẹ̀ ni Mọ́mì ti máa ń pè mí. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa lórí àpáta yẹn. Wọ́n á ní, 'Fẹ́kọ́mi, mò ń wo òrùlé ilé bàbá mi, igi ti hù níbẹ̀.' Màá máa gbọ́ fèrè lẹ́yìn wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, 'Bàbá rẹ ti ń pè mí. Tí kò bá pè mí, ibí ni ilẹ̀ máa ṣú mi sí.'"

Akínbọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú rẹ̀.

"Kì í ṣe ọ̀nà nìkan ni mò ń bẹ̀rù, Dádì," ni ọmọbìnrin rẹ̀ tún wí. "Ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ máa ń lọ, mi ò dé ibẹ̀ rí. Tí mo bá dé ibẹ̀, tí mi ò bá wọn níbẹ̀ ńkọ́?"

"A ò ní bá wọn níbẹ̀," ni Akínbọ́lá dá a lóhùn jẹ́jẹ́. "Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ lọ ṣá."

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti lọ sẹ́yìn àwọn ilé. Nígbà tó yá, Fẹ́kọ́mi fa fóònù rẹ̀ yọ, ó wo ọjọ́ inú rẹ̀.

"Sátidé kejì, àbí? Màá gba ààyè ọjọ́ Ẹtì níbi iṣẹ́. A ó sun ọ̀dọ̀ Àǹtí Susanna. A ò ní kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a sì gbọ́dọ̀ padà kí oòrùn tó wọ̀. Àǹtí á máa tẹ̀ wá láago ní gbogbo ìlú tí a bá dé. Èmi ni màá wakọ̀."

"Ó dára."

"Ẹ gbà?"

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ẹ̀kọ́ mi sílẹ̀ ní Ìgàndó."

"Dádì!"

"Gbọ́ mi ná. Tí a bá ti kọjá Ẹ̀sà-Òkè, àbúrò ìyá rẹ ní ọ̀nà tẹ́jú níbẹ̀, kò sí kọ́nà. Òkè ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán lápá ẹ̀yìn, oòrùn ọ̀sán á máa tàn sí i lára. Kó o gbé ọkọ̀ fún mi níbẹ̀, tí Tíṣà bá ti ní mo lè wà á. Kìlómítà mẹ́ta péré. Kí ìwọ náà lè ráyè wo ìta."

Fẹ́kọ́mi gbé abọ́ aṣọ ka orí itan rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kìlómítà méjì," ló wí.