Ta Ló Tú Orúkọ Wọn Síta?

"Ẹni mẹ́ta péré ló mọ orúkọ àwọn èèyàn yìí," ni Dókítà Evelyn Ọláògún wí. Ó na ìka mẹ́ta sókè bí ẹni pé àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ ò mọ òǹkà. "Èmi, Josephine, àti ìwọ Zuliat. Èmi ò sì sọ fún ẹnì kankan."

Ìṣirò náà ò le. Ó ku ẹni méjì. Zuliat wo Josephine; Josephine wo tábìlì.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe ìwádìí HIV ní Gariki, nílùú Enugu. Ìwádìí tiwọn kì í ṣe ti àwọn tó ti ní kòkòrò náà. Àwọn tí kò ní in ni wọ́n ń gún ní abẹ́rẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ọ̀hún yóò dáàbò bò wọ́n. Ọgọ́ta èèyàn ló yọ̀ǹda ara wọn. Ìlérí àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ṣe fún olúkúlùkù ni pé orúkọ rẹ̀ kò ní jáde. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn, Kampala àti Cape Town ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wọn. Josephine tó ń ṣe ìwé ìròyìn wọn lóṣooṣù ti kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé kìíní: Ọjọ́ Àwọn Olùyọ̀ǹda. Zuliat ló tú u sí Yorùbá fún àwọn ọmọ Kwara àti Ọ̀yọ́ tó wà lára wọn, òun náà ló sì pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù kí wọ́n má gbàgbé.

Láàárọ̀ yẹn ni Qonitah pè. Ọmọbìnrin náà ń ta aṣọ ọmọdé ní New Market, oṣù tó ń bọ̀ ló sì yẹ kí wọ́n so yìgì òun àti Sírájúdéènì. Ìyá Sírájúdéènì ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá ọjọ́ náà dúró. Wọ́n gbọ́ pé ìyàwó tí wọ́n fẹ́ gbé wà lára àwọn tí wọ́n ń gún ní abẹ́rẹ́ éèdì. "Ẹ yọ mí kúrò, Àǹtí," ni Qonitah ń sọ, tó ń sunkún. "Ṣebí ẹ ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀?" Lẹ́yìn tirẹ̀ ni Muqtadir télọ̀ pè: oníbàárà méjì ti wá kó aṣọ tí kò tíì gé. Fatimah, ìkẹta wọn, ò tilẹ̀ pè ní tirẹ̀. Ó kàn pa fóònù.

"Doctor, I swear, no be me," ni Josephine wí. "I write their names for name tag, true. But that book no comot for this office."

Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, Zuliat sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé àyà olóòótọ́ kì í já. Ọdún méjì ni àwọn méjèèjì ti ń jókòó sídìí tábìlì kan náà, tí wọ́n jọ ń jẹ ọkpa gbígbóná láàárọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹkún Qonitah ti wọ Zuliat létí, gbogbo ìwà Josephine ló ń yípadà lójú rẹ̀. Kí ló dé tó fi máa ń jáde lọ sí kọ́rídọ̀ bí fóònù rẹ̀ bá dún? Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín lórí wásáàpù lọ́jọ́ Ẹtì? Ẹni tí a bá ti fura sí, bó húkọ́, a ó ní àmì ló fi ń ránṣẹ́.

Enugu ni wọ́n bí Dókítà Evelyn sí. Rélùwéè ló gbé bàbá rẹ̀ wá, Yorùbá tí ó sì ń sọ kì í jìnnà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó yíjú sí Zuliat. "Zuliat, sọ òótọ́ fún mi. *Be frank.* Ṣé o rò pé ó lè ṣe irú nǹkan yìí?"

Ó yẹ kí Zuliat dá a lóhùn ní èdè tí Josephine gbọ́. Ó mọ̀ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìwà ọmọlúwàbí láti jókòó ti ènìyàn kí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Síbẹ̀, Yorùbá ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni o, mà. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Òun ló da orúkọ wọn kọ sínú ìwé. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́."

Josephine ń wo ẹnu èyí, ó ń wo ẹnu tọ̀hún. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí Zuliat.

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ní kí Josephine máa lọ sílé. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́rú, kí àwọn àlejò tó dé. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, kò sì sí ilé ìwádìí mìíràn tí yóò gbà á. Nígbà tó ń kó ẹrù rẹ̀, ó di Zuliat lọ́wọ́ mú. "Zuli, abeg, help me talk to Doctor." Zuliat mi orí bí ẹni tó gbà. Ó lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, ó sì rò fún ìyá rẹ̀ pé wọ́n ti mú ọ̀dàlẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Zuliat nìkan ló ń parí ìwé ìròyìn náà nígbà tí ọkùnrin kan ti ilẹ̀kùn wọlé láìkan án. Zakariyah onítáńkà ni, ọmọ Ṣakí tó ń gbé omi ká Gariki dé Ugwuaji. Ta ni kò mọ̀ ọ́n, nílùú tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń ra omi? Kò kí i kó tó pariwo.

"Ta ni ọ̀gá níbí? Ìyàwó mi ti kẹ́rù lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ látàná! Ó ní mo wà nínú lísìtì yín. Lísìtì wo? Èmi tí mi ò fẹsẹ̀ tẹ ibí rí látọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi!"

"Bọ̀dá Zakariyah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n bù yín lómi."

"Èmi tí mò ń tà á? Mi ò mu. Lísìtì ni kí o mú wá!"

"Ta ló sọ fún Ìyàwó?"

"Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ ni. Wọ́n ní Qonitah, Muqtadir, Fatimah àti Zakariyah onítáńkà. Bí wọ́n ṣe ń kà á tẹ̀lé ara wọn nìyẹn, bí ọmọ kéwú tó ń ka wàláà. Kí ni mo ṣe fún yín ná?"

Zuliat ò nílò láti ṣí ìwé kankan. Ó mọ ọgọ́ta orúkọ náà lórí, kò sì sí Zakariyah níbẹ̀. Ó fi Kùránì búra fún un pé kò sí i lọ́dọ̀ àwọn, ó sì ṣèlérí pé òun fúnra òun yóò pe ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin náà jáde, ó ṣì ń kùn.

Ìgbà tí ilẹ̀kùn padé ni ìfura tuntun dé, kò sì jẹ́ kí Zuliat lè jókòó. Bó bá jẹ́ Josephine ló tú orúkọ síta, báwo ni ẹni tí kò sí nínú ìwé ṣe bá wọn jáde? Ibo ni Josephine ti mọ Zakariyah? Nínú ọgọ́ta èèyàn, tí àwọn tó ju àádọ́ta jẹ́ ọmọ Ígbò, kí ló dé tó jẹ́ ti àwọn Yorùbá nìkan ni gbogbo ayé gbọ́?

Ó mú fóònù rẹ̀ kó lè wá nọ́ńbà ìyàwó onítáńkà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wo àwọn tí òun ti pè sẹ́yìn. Nígbà tó kan Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Qonitah ló kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà Muqtadir, lẹ́yìn náà Fatimah. Ìkẹrin ni Zakariyah, pé kó bá òun gbé omi wá sílé ní Ọjọ́bọ̀, kó má gbàgbé. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Àyà rẹ̀ já. Òfin wọn ni pé inú ọ́fíìsì nìkan ni wọ́n ti ń pe àwọn olùyọ̀ǹda, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì. Òun náà fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n iná ò sí ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ẹtì, ló bá gbé iṣẹ́ lọ sílé. Pálọ̀ ló jókòó sí tó ń pè wọ́n, tó ń fi ọwọ́ kan lọ aṣọ, tí ohùn fóònù sì ń dún jáde.

Kò dúró gbààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di ilé. Ìyá rẹ̀, Sàbúrátù, wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Màámi, ẹ kúulé o."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. O tètè dé lónìí. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Lọ́jọ́ Sátidé, tí mò ń pe àwọn èèyàn lórí fóònù, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"Etí mi ò tíì di. Mo gbọ́ bí o ṣe ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá. Àánú wọn ṣe mí débi pé mi ò lè jẹun."

"Ẹ wá ṣe kí ni?"

Ojú ìyá náà tàn. "Mo gbé orúkọ wọn lọ sí àsàlátù lọ́jọ́ kejì. Mo ní kí wọ́n bá mi tọrọ àlàáfíà fún àwọn tí ọmọ mi ń tọ́jú. Àlùfáà pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun torúkọ ìyá wọn. Ti Qonitah nìkan ni mi ò rántí, àmọ́ ìyá Sírájúdéènì jókòó tì mí, òun ló bá mi dárúkọ ìyá ẹ̀. Gbogbo wa la ṣàmín. O ò rí i pé mò ń tì ẹ́ lẹ́yìn?"

Zuliat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú èèpo ẹ̀gúsí.

"Màámi, wọn ò ṣàìsàn. Ara wọn le koko. Torí pé ara wọn le la ṣe mú wọn."

"Wọn ò ní éèdì?"

"Wọn ò ní in."

"Zakariyah ńkọ́?"

"Omi ni mo ní kó gbé wá fún wa!"

Sàbúrátù fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Mo gbé! Ó di dandan kí n lọ bá wọn, kí n sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin ò ní sọ nǹkan kan, àfi bí mo bá kọ́kọ́ bi Qonitah léèrè ohun tó fẹ́ ká sọ. Òun ló ni orúkọ ẹ̀."

Sàbúrátù tún bó ẹ̀gúsí méjì mẹ́ta. Nígbà tí ìyá máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ó sì wo ọ̀nà kó tó la ẹnu.

"Ta ló mọ̀ pé ilé wa ló ti jáde? Kò sẹ́ni tó bi ẹ́. Obìnrin tó o ní wọ́n mú yẹn ni wọ́n ń bi. Bó o bá jẹ́wọ́, wọ́n á lé ẹ. Jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á fún un níṣẹ́ mìíràn. Èmi náà á gbé orúkọ ẹ̀ lọ sí àsàlátù."

"Màámi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbé orúkọ ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan mọ́."

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Zuliat ti kọ́kọ́ fẹ́ fi òwe náà gún ìyá rẹ̀ lára, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ta ló kọ́ ìyá arúgbó ní òfin ìwádìí? Kò sẹ́ni tó ní kó fọwọ́ síwèé. Ẹni tó fọwọ́ síwèé, tó jókòó ní pálọ̀ tó ń tú orúkọ sílẹ̀, tó sì tún fi Yorùbá gbé ẹ̀sùn lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí, òun Zuliat ni. Ojú tì í gan-an. Ó dìde, ó gbọn èèpo kúrò ní ìdí aṣọ rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ugwuaji, Màámi."

Josephine ló ṣílẹ̀kùn, ó pọn ọmọ rẹ̀. Bó ṣe rí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo, ó sì fà á wọlé.

"Zuli! I talk am! I tell my husband say you go come!" Ó gbé àga fún un, ó fi aṣọ nù ún. "Yesterday wey you and Doctor dey speak una language, I no hear one word. But I know say na me you dey beg for. God bless you."

Zuliat ò jókòó. Ó rọrùn kó jókòó, kó gba àdúrà ọ̀hún, kó mu nǹkan tí wọ́n bá gbé wá, kó sì jẹ́ kí Ọjọ́rú dé. Ọmọ ẹ̀yìn Josephine ń wò ó.

"Josephine, I no beg for you," ló wí. "I tell her say na you."

Ẹ̀rín náà ò tètè kúrò lójú Josephine. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnu-àga lọ́wọ́, bí ẹni tó ń retí kí ọ̀rọ̀ náà yípadà.

"And no be you. Na me."

Kò dúró kí Josephine bi í léèrè. Ó mú fóònù rẹ̀, ó pe Dókítà Evelyn. Nígbà tí dókítà gbé e, Yorùbá ló fi kí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ní, "Zuliat, báwo ni? Ṣé ti Ọjọ́bọ̀ ni?" Zuliat yíjú sí Josephine, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn, díẹ̀díẹ̀, kí Josephine lè gbọ́ gbogbo rẹ̀.