Ẹ̀yìn Màmá Tíṣà

Nígbà tí olùbẹ̀wò fọwọ́ kan aṣọ ibùsùn náà, ó le gbagidi lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti ká a sínú ọ̀rá sì ṣì hàn gedegbe. Ó lọ sídìí ibùsùn kejì, bákan náà ni. Òórùn oògùn apakòkòrò gba gbogbo ilé débi pé ojú ń ta á.

Màtírọ́ọ̀nù ilé ìtọ́jú àwọn àgbà náà ń tẹ̀ lé e, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ṣé ẹ rí i báyìí, mà? Aráyé á kàn máa sọ̀rọ̀ ni.”

Olùbẹ̀wò mọ̀ pé ẹnìkan ti ta wọ́n lólobó. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ tó láti mọ̀ pé ilé tí a gbá nítorí àlejò yàtọ̀ sí ilé tó mọ́. Ọmọkùnrin kan ló fẹjọ́ sùn. Ó wá kí ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, inú ìtọ̀ tó ti tutù ló bá a.

Màmá Tíṣà ni wọ́n ń pe ìyá náà, nítorí kò sẹ́ni tó wọ yàrá rẹ̀ tí kì í tún ọ̀rọ̀ onítọ̀hún ṣe. Òṣìṣẹ́ obìnrin kan, tí ìka rẹ̀ ti hun jọ fún omi ọṣẹ, ń fún un lómi mu nígbà tí wọ́n wọlé.

“Ẹ kú ilé, mà. Ìjọba ló rán mi wá. Ṣé wọ́n ń tọ́jú yín dáadáa?”

“Dáadáa ni,” ni ìyá náà dáhùn kíákíá. “Kò sóhun tó ṣe mí.”

Olùbẹ̀wò ní kí màtírọ́ọ̀nù àti òṣìṣẹ́ náà fún àwọn láyè. Nígbà tí ilẹ̀kùn padé, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá náà, ó rọra yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Egbò kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, àárín rẹ̀ ti jìn. Irú egbò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ kan.

“Mà, ṣé èyí ni kò sóhun tó ṣe yín?”

Ìyá náà kọjú sí ògiri. “Kí lo fẹ́ ṣe sí i?”

“Mo máa jábọ̀ fún wọn, mà.”

“Wọ́n á wá ṣe kí ni?”

“Wọ́n á lé ẹni tó yẹ kó máa yí yín padà tí kò ṣe é.”

“Ọmọ tó jáde yẹn ni. Òun nìkan ló kù, èkejì rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ. Tó bá ń wẹ̀ mí lọ́wọ́, bàbá tó wà ní yàrá kejì á ti máa ké. Inú máa ń bí ọmọ náà nígbà míì, á fà mí lápá.” Ó mí kanlẹ̀. “Ṣùgbọ́n òun ló ń wá. Bẹ́ ẹ bá lé e, ta ló máa wá?”

Òkété tó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Olùbẹ̀wò ronú kan ọ̀rọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí òkété á mu bí ọmú ọmọ bá gbẹ.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bi màtírọ́ọ̀nù pé ìgbà wo ni wọ́n máa gba òṣìṣẹ́ kún un. Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. “Mo ti sọ fún ẹni tó ni ilé ìtọ́jú yìí títí ẹnu mi fi bó. Àwọn tí mo bá sì mú wá, wọn kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń sá.”

Olùbẹ̀wò pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. “Sà, ṣé a lè rí ibòmíràn kó àwọn àgbà ibí lọ?”

“Ibo? Ibi gbogbo ló kún. Kọ ohun tó o rí, kó o máa bọ̀.”

“Tí wọ́n bá wá torí ohun tí mo kọ ti ibí pa ńkọ́?”

“Àwọn ọmọ wọn á wá kó wọn.”

Ó rántí ọmọ Màmá Tíṣà, tó ti ṣàlàyé fún un pé inú yàrá kan ṣoṣo lòun, ìyàwó òun àtàwọn ọmọ ń há mọ́.

Kò tíì fi fóònù sápò tí ohùn ìyá náà fi dé etí rẹ̀, ohùn kékeré, bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Ó ti tọ̀ sára. Òṣìṣẹ́ náà ń gbé bàbá kan lọ sí balùwẹ̀, ọrùn òṣìṣẹ́ náà ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lábẹ́ apá bàbá náà, kò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Olùbẹ̀wò gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó wá báṣíà, ó pọnmi.

Ìyá náà kò wúwo, síbẹ̀ yíyí i padà le ju bó ṣe rò lọ. Ó ń ṣọ́ra fún egbò náà, omi ń ṣàn wọ inú ọwọ́ aṣọ rẹ̀.

“Ẹ máà bínú, mà. Ọwọ́ mi ti tutù jù.”

“Omi ló tutù,” ni Màmá Tíṣà tún un ṣe. “Ọwọ́ rẹ dáa.”

Nígbà tó gbé báṣíà jáde, ẹ̀yìn ń ro ó. Bàbá arúgbó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún. Ẹlòmíràn ń pe ènìyàn láti yàrá ìkángun.

“Ṣé ìwọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà?” ni bàbá náà bi í. Ojú rẹ̀ ti ń tàn díẹ̀.

Olùbẹ̀wò lanu láti sọ pé òun kàn wá wò wọ́n ni. Gbólóhùn tó ń sọ ní gbogbo ilé tó bá wọ̀ nìyẹn, láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń dún létí. Ó dúró pẹ̀lú báṣíà omi ìdọ̀tí lọ́wọ́, bàbá náà sì ń dúró de èsì.