Ṣíbí Inú Báàgì Àríkẹ́

Nọ́ọ̀sì ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Àríkẹ́ ká ọwọ́ méjèèjì sórí báàgì rẹ̀. Ṣíbí wà nínú rẹ̀. Akínpẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án gangan, wáyà tín-ín-rín lẹ̀ mọ́ gbogbo orí rẹ̀. Wọ́n ti ní kó má sùn mọ́jú, kí oorun lè tètè gbé e níwájú ẹ̀rọ tó ń yẹ ọpọlọ wò.

Ó tó oṣù méjì tí ara rẹ̀ ti ń já pàtì bí oorun bá fẹ́ gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ó ní wárápá ni. Ọ̀pẹ ni Akínpẹ̀lú ń gùn jẹun. Bó bá mú un lókè ọ̀pẹ ńkọ́? Igbà rẹ̀ ti wà lórí ìṣó láti ìgbà náà. Àríkẹ́ náà kì í fojú kan oorun. Ṣíbí ló ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí, tí yóò fi la eyín ọkọ rẹ̀ bó bá dé.

Ìlà ń sáré lójú ẹ̀rọ, wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, bí ibi tí adìẹ ha. Ẹsẹ̀ Akínpẹ̀lú já lẹ́ẹ̀kan. Ìlà ò yí padà. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Wọ́n ga. Wọ́n tóbi bí àpáta Olóṣùnta.

Àríkẹ́ dìde. Kí nọ́ọ̀sì tó yíjú, ó ti ki ṣíbí bọ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.

Akínpẹ̀lú lajú. "Ìyá Ọláyẹmí, kí lo fẹ́ fún mi jẹ?"

Nọ́ọ̀sì gba ṣíbí, ó bi í pé kí ló rí. Àríkẹ́ nawọ́ sí ẹ̀rọ, ó ní wárápá ti dé.

"Màmá, oorun àsùnwọra lẹ rí yẹn. Bó bá ṣe wọra tó ni ìlà yẹn ń ga tó. Ti wárápá máa ń yọ ṣóńṣó bí ẹ̀gún. Ẹ má ki ṣíbí bọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́ o, eyín lẹ máa fi kán."

Dókítà wo gbogbo ìlà náà ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun ò rí ẹ̀gún kankan, pàápàá níbi tí ẹsẹ̀ ti já. Ó ní ara ẹni tó ti rẹ̀ máa ń ta gìrì bẹ́ẹ̀ bí oorun bá ń bọ̀. Kó máa sùn dáadáa, kó dín obì jíjẹ kù, kó padà sídìí ọ̀pẹ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà sílé ní Emùré, Àríkẹ́ ṣí kúlà ìrẹsì. Ṣíbí kan náà tí nọ́ọ̀sì ti dá padà fún un ló mú jáde. Ó nù ún, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀.

"Ṣé èyí ò ní kán mi léyín?"

Àríkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fi orí lé èjìká rẹ̀. Kí wọ́n tó dé Ìkẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ òun náà já pàtì.

Akínpẹ̀lú wò ó. Kò jí i. Ó rọra fi ṣíbí sínú kúlà, ó dé e.